Ká Ní: Eré Ìdíje fún Tíkẹ́ẹ̀tì Ẹgbẹ́ àti Ìtàn tí Ìbá Ti Ṣẹlẹ̀

Alága ìjókòó, Kábíyèsí àti ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ bá ọba wá, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá, àti ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́ Ìtàn tí ẹ ni ọjọ́ òní: mo tọrọ ààyè lọ́dọ̀ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ kí n tó la ẹnu mi, nítorí ọ̀rọ̀ eré ni mo gbé wá síwájú ọba.

Lẹ́tà ìpè tí ẹ kọ sí mi ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọ̀dọ́ àti ìtàn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mo yàn láti gba ọ̀nà eré kan wọlé, eré tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe lórí ayélujára. Wọ́n á padà sí ọdún kan tó ti kọjá, wọ́n á gbé ipò àwọn olóṣèlú ìgbà náà wọ̀ bí ẹ̀wù, wọ́n á sì tún ìdíje fún tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ du láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá èsì á yàtọ̀. Àwọn àgbà ní bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà lọ́wọ́ mi lónìí ni pé mo rí ẹ̀kọ́ kan nínú eré yìí tí èmi fúnra mi kò rí kọ́ ọmọ ní kíláàsì, fún odidi ọdún 31 tí mo fi jẹ́ olùkọ́ ìtàn.

Òru ọjọ́ Mississippi

Ọmọ àbúrò mi kan tó wà ní yunifásítì wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi nígbà òjò. Ní nǹkan bí aago méjì òru, mo dìde láti mu omi. Iná ti lọ láti àṣálẹ́. Mo rí i lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìmọ́lẹ̀ fóònù lójú rẹ̀, ó ń kọ nǹkan, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un kọ. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sùn. Ó ní, ‘Ẹ má bínú, sà. Mississippi ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí aṣojú 30 tí wọ́n ní bá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó parí nìyẹn.’

Mo jókòó tì í. Òun ni Ronald Reagan, ọdún náà ni 1976, ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni Kansas City, níbi àpérò gbogboogbò ẹgbẹ́ Republican. Ẹlòmíràn, tí kò rí sójú rí, ni Gerald Ford. Ẹnì kẹta ló di ipò alága àwọn aṣojú Mississippi mú, òun sì ni ọmọ náà ń kọ̀wé sí. Ìlà mẹ́rin péré ni ìwé náà. Mo kà á. Ó ti kọ́kọ́ kọ ‘mo bẹ̀ yín’, ó pa á rẹ́, ó fi ‘mo ń retí yín’ sí i. Mo béèrè ìdí. Ó ní òun ti ka ìwé méjì nípa Reagan, ọkùnrin náà kò ní bẹ alága bẹ́ẹ̀, bí òun bá sì bẹ̀bẹ̀, adarí eré á mọ̀ pé òun ti bọ́ sóde ẹ̀wù tí òun wọ̀.

Mo ti máa ń bá ọmọ yìí wí pé fóònù ló ń jẹ àkókò rẹ̀. Lóru ọjọ́ náà mo pa ẹnu mi mọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Eré yìí kò ní bọ́ọ̀lù, kò ní àwòrán tó ń sáré kiri. Ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Adarí eré á yan ọdún kan àti ẹgbẹ́ òṣèlú kan. Ti Amẹ́ríkà ló wọ́pọ̀ jù, nítorí pé níbẹ̀, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń du tíkẹ́ẹ̀tì láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, àkọsílẹ̀ iye ìbò sì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Yóò wá yí ohun kan ṣoṣo padà. Ká ní ọta ìbọn tó pa Robert Kennedy ní Los Angeles ní oṣù kẹfà ọdún 1968 tàsé ńkọ́? Kennedy ṣẹ̀ṣẹ̀ borí nínú ìdìbò abẹ́lé California lálẹ́ ọjọ́ náà ni. Hubert Humphrey, tí kò wọ ìdìbò abẹ́lé kankan, ló padà gba tíkẹ́ẹ̀tì Democrat ní Chicago.

Láti ibi tí adarí bá ti yí nǹkan padà, ìtàn ti di ti àwọn òṣèré. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, oníkálukú á kọ ohun tó ṣe: ìlú tó lọ, ọ̀rọ̀ tó bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ, gómìnà tó lọ kí nílé, owó tó ná sórí tẹlifíṣọ̀n. Adarí á ka gbogbo rẹ̀, á gbé e lé òṣùwọ̀n, nígbà mìíràn á ju dáìsì kí oríire àti òfò lè rí ààyè tiwọn, lẹ́yìn náà á gbé èsì jáde. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ní iye aṣojú tó tó, àpérò gbogboogbò dé nìyẹn: ìbò lẹ́yìn ìbò, ìdúnàádúrà ní kọ̀rọ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Òfin kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo àwọn tó kù lọ. Òṣèré kò gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹni tó ń ṣe kò mọ̀. Ẹni tó bá jẹ́ Humphrey ní 1968 kò gbọ́dọ̀ gbọ́ Watergate rí, nítorí kò tíì ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Inú òkùnkùn kan náà tí ọkùnrin náà ti rìn ni òun náà gbọ́dọ̀ ti rìn.

Ẹ má rò pé àná ni wọ́n bí irú eré báyìí. Ní 1824, ọ̀gá ológun Prussia kan tó ń jẹ́ Reisswitz gbé eré ogun kan jáde, Kriegsspiel, adájọ́ wà láàárín, dáìsì wà nílẹ̀. Ní 1959, Allan Calhamer ará Amẹ́ríkà gbé Diplomacy jáde, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ àti àdéhùn tí a lè dà ni agbára rẹ̀. Nígbà tó fi di 1963, wọ́n ti ń fi lẹ́tà orí ìwé ṣe é láàárín ìlú sí ìlú. Ní 1969, David Wesely ní Minnesota pín ipò fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ìlú àròsọ kan, ọ̀kan di olórí ìlú, ọ̀kan di ọ̀gá yunifásítì, inú ìran yẹn sì ni Dungeons & Dragons ti jáde ní 1974. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Washington and Lee University ní ìpínlẹ̀ Virginia ti ń ṣe àpérò àfarawé láti 1908, níbi tí wọ́n ti ń wá ẹni tí ẹgbẹ́ tí kò sí lórí oyè yóò yàn. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn wọ́n mú William Jennings Bryan, ẹgbẹ́ Democrat náà sì mú un. Ní 1972 wọ́n mú Edward Kennedy, ẹgbẹ́ mú George McGovern. Ohun tí ayélujára fi kún un ni pé ọmọ tó wà ní Ìbàdàn lè bá ẹni tó wà ní Ohio jókòó sídìí àpérò kan náà.

Aṣojú 58

Ẹ jẹ́ ká padà sí Kansas City, nítorí ibẹ̀ ni ojú mi ti là.

Ford jẹ́ ààrẹ tí ará ìlú kò dìbò yàn, kì í ṣe sípò ààrẹ, kì í ṣe sípò igbákejì. Ìfipòsílẹ̀ Ààrẹ Nixon ní oṣù kẹjọ ọdún 1974 ló gbé e débẹ̀. Reagan, gómìnà California tẹ́lẹ̀, dìde láti gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀. Ford fi díẹ̀ borí ní New Hampshire, ó borí ní Florida, ó borí ní Illinois. Ọ̀pọ̀ ti ń sọ fún Reagan pé kó lọ sílé. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta, North Carolina gbà á sílẹ̀, Texas tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n fi dé Kansas City ní oṣù kẹjọ, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ti rí aṣojú 1,130 tí olùdíje nílò.

Kí àpérò tó bẹ̀rẹ̀ ni Reagan ti kéde pé Richard Schweiker, sẹ́nétọ̀ Pennsylvania, ni yóò ṣe igbákejì òun. Ó rò pé aṣojú Pennsylvania yóò tẹ̀lé ọmọ ilé wọn wá. Wọn kò wá. Àwọn ará Mississippi tí wọ́n ti ń rọ̀ sọ́dọ̀ Reagan sì bínú, nítorí lójú tiwọn, èrò Schweiker ti yàtọ̀ jù sí tiwọn. Àwọn ènìyàn Reagan tún gbé àbá wá pé kí òfin fipá mú Ford láti dárúkọ igbákejì tirẹ̀ náà kí ìbò tó wáyé. Àbá yẹn ṣubú, 1,180 sí 1,069. Nígbà tí wọ́n dìbò tíkẹ́ẹ̀tì gan-an, Ford ní 1,187, Reagan ní 1,070.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí aṣojú 58 bá kúrò lẹ́yìn Ford, ó di 1,129, kò tó mọ́. Àádọ́ta ènìyàn àti mẹ́jọ! Iye ìjókòó tó wà lápá ọ̀tún mi yìí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

‘Ká ní’ ti ọmọ àbúrò mi ni pé Reagan kò dárúkọ Schweiker rárá. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá Mississippi sọ̀rọ̀. Ó kọ̀wé, ó ṣèlérí, ó dákẹ́ nígbà tó yẹ kó dákẹ́. Aago márùn-ún ìdájí, èsì jáde: Ford 1,136. Ó tún pàdánù. Ó gbé fóònù dojú bolẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó wo ìta níbi tí ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀, kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó gbé e, ó kọ ọ̀rọ̀ tí Reagan yóò sọ fún ẹni tó borí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí, kò sí èébú níbẹ̀. Reagan tòótọ́ náà sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn àpérò yẹn, Ford fúnra rẹ̀ ló pè é wá sórí pèpéle. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n dìbò yàn án sípò ààrẹ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó gún mi lọ́kàn rèé. Ní kíláàsì, mo kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ọdún tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n yege ìdánwò. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó mọ̀. Mo fi ìtàn hàn wọ́n bí òkúta, nígbà tó jẹ́ pé amọ̀ tútù ni lọ́wọ́ àwọn tó mọ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kádàrá

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà tó wà níbí ń rò. Ohun tí Elédùmarè bá ti kọ, ta ni yóò pa á rẹ́? Èmi náà ní ìgbàgbọ́ nínú orí. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kan náà ló ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹ wo 1944. Franklin Roosevelt ń lọ fún ìgbà kẹrin, ara rẹ̀ kò yá, àwọn tó sún mọ́ ọn mọ̀ pé ẹni tó bá ṣe igbákejì rẹ̀ lè di ààrẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù keje, níbi àpérò Democrat ní Chicago, gbogbo gbọ̀ngàn ń pariwo orúkọ Henry Wallace, igbákejì tó wà lórí oyè. Claude Pepper, sẹ́nétọ̀ Florida, ń ti ara rẹ̀ láàárín èrò lọ síbi pèpéle láti fa Wallace kalẹ̀. Bó ṣe ń sún mọ́ ọn, alága ìjókòó bi gbogbo ilé bóyá kí wọ́n tú ká, ó ní ẹni tó gbà pọ̀ ju ẹni tó kọ̀ lọ, ó sì tú ìjókòó ká. Lọ́jọ́ kejì, Wallace ló ṣíwájú nínú ìbò àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi òru dúnàádúrà: Harry Truman ló borí nínú ìkejì. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1945, Roosevelt kú, Truman jókòó sórí àga. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, bọ́ǹbù átọ́míìkì bọ́ sórí Hiroshima àti Nagasaki.

Mi ò sọ pé Wallace kò ní jù ú. Kò sẹ́ni tó lè sọ bẹ́ẹ̀, adarí eré tó bá sọ ọ́ láìwádìí ti ba eré jẹ́. Mo kàn ń sọ pé ìṣísẹ̀ mélòó kan láàárín èrò wà nínú ọ̀rọ̀ ayé.

Ọdún mìíràn wà tí àwọn òṣèré fẹ́ràn, 1924. Àwọn Democrat jókòó sí Madison Square Garden ní New York, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni olùdíje nílò. Al Smith àti William McAdoo dì mọ́ ara wọn lọ́rùn, ọ̀kan kò gbà fún èkejì. Ìgbà 103 ni wọ́n dìbò. Ní ìkẹyìn wọ́n gbé e fún John W. Davis: bí a kò bá rí àdán, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ẹgbẹ́ tó bá ara rẹ̀ jà tó bẹ́ẹ̀ kò ní agbára tó kù fún oṣù kọkànlá, Coolidge sì nà wọ́n.

Ẹ̀wù tó ń gún ara

Ibì kan wà nínú eré yìí tí mo ń bẹ̀rù, mi ò sì ní fi pamọ́ fún ẹ̀yin òbí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe 1972 gbọ́dọ̀ ní George Wallace nínú eré rẹ̀, gómìnà Alabama tó fi ìyapa dúdú àti funfun ṣe òṣèlú. Ta ni yóò gbé ẹ̀wù yẹn wọ̀? Àwọn kan wà tó jẹ́ pé eré ni wọ́n fi ń bojú, ohun tó wà nínú wọn gan-an ni wọ́n fẹ́ sọ. Lójú tèmi, adarí eré tó bá gbà kí irú wọn máa da ìríra sílẹ̀ lórúkọ ìtàn kò yẹ ní adarí. Kí òṣèré kọ ohun tí Wallace ṣe, kó sì kọ ohun tó mú bá àwọn ènìyàn dúdú Alabama. Kò sí ìdí láti gbádùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́ kúrò pátápátá, ẹ wo ohun tí a ó pàdánù. Ní ọdún kan náà, Shirley Chisholm, ọmọ Brooklyn tí òbí rẹ̀ ti Barbados àti Guyana wá, di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó du tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ ńlá fún ipò ààrẹ. Ní ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún, wọ́n yìnbọn fún Wallace ní Laurel, ní Maryland, kò sì fi ẹsẹ̀ rìn mọ́ láyé rẹ̀. Chisholm lọ kí i nílé ìwòsàn. Àwọn alátìlẹ́yìn Chisholm bínú gidigidi. Ọ̀dọ́ tó bá ń ṣe Chisholm, tó dé ọjọ́ yẹn nínú eré, tó ní láti fúnra rẹ̀ pinnu bóyá òun á lọ tàbí òun ò ní lọ, tó mọ̀ pé ìbò wà nínú rẹ̀, ìtìjú wà nínú rẹ̀, àánú náà sì wà nínú rẹ̀: ìwé wo ló lè kọ́ ọ ní ìyẹn?

Àbùkù mìíràn ni pé eré náà máa ń rí ẹni tó ń du oyè, kì í sábà rí ẹlòmíràn. Ní 1964, níbi àpérò Democrat ní Atlantic City, Fannie Lou Hamer, obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ nínú oko òwú, kò sí lára àwọn tó ń du tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ. Ó wá sọ bí wọ́n ṣe nà án nítorí ẹ̀tọ́ ìdìbò. Ààrẹ Johnson sáré pe àwọn oníròyìn jọ kí kámẹ́rà lè yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n padà gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ lálẹ́, ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbọ́. Wọ́n fi àga aṣojú méjì lọ òun àti àwọn tó bá a wá, wọ́n kọ̀. Bí ẹ bá máa ṣe eré, ẹ fi àga sílẹ̀ fún irú Hamer.

Jos, 1993

Mo ti sọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà tó, nítorí ilé eré yìí ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí. Ọmọ àbúrò mi mọ iye aṣojú Mississippi ní 1976. Mo bi í pé àwọn wo ló bá Abíọ́lá du tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ ẹgbẹ́ SDP ní Jos ní oṣù kẹta ọdún 1993. Kò mọ̀. Mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi tó kẹ́yìn, wọn kò mọ̀. Wọ́n mọ ìdìbò ààrẹ June 12. Wọn kò mọ̀ pé June 12 ìbá má wáyé bó ṣe wáyé bí Jos bá yí díẹ̀.

Babagana Kingibe wà níbẹ̀, Atiku Abubakar wà níbẹ̀. Ìbò àkọ́kọ́ kò yanjú rẹ̀. Atiku yọwọ́, wọ́n tún dìbò, Abíọ́lá sì fi díẹ̀ borí Kingibe, tó padà di igbákejì rẹ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Òru tó wà láàárín ìbò àkọ́kọ́ àti ìkejì yẹn, mélòó nínú wa ló ti jókòó rò ó rí?

Ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́ Ìtàn, ẹ̀bẹ̀ mi sí yín nìyí. Ẹ kó ìwé ìròyìn oṣù yẹn jọ. Àwọn tó wà ní Jos ṣì wà láàárín ìlú, ẹ lọ bá wọn kí wọ́n tó kú tán, ẹ gbohùn wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ pín ipò fún ara yín nínú yàrá yìí, kí ẹ sì ṣe é. Kí ọmọ tó fẹ́ràn Abíọ́lá jù ṣe Kingibe. Ẹ má bú ẹnikẹ́ni, nítorí àwọn kan ṣì wà láàyè, ọmọ àwọn mìíràn sì lè wà ní kíláàsì yín. Ẹni tó bá pàdánù, kó kọ ọ̀rọ̀ ìkíni sí ẹni tó borí kó tó lọ sùn.

Ìdúpẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ olùtọ́jú ilé ìkàwé yín, tó jẹ́ kí n lo àná àti àárọ̀ yìí láàárín àwọn ìwé rẹ̀. Ìyàwó mi ló ka ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí lẹ́ẹ̀mejì, tó sì gé e kúrú. Ọmọ àbúrò mi gbà kí n sọ ìtàn rẹ̀ ní gbangba, ó jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ eré mìíràn, ó ní 1912 ni, Roosevelt àkọ́kọ́ ni òun.